LSU ní 2019: sáà tí ẹnikẹ́ni ò rí wọn mú

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2012, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti Louisiana State University, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LSU, wọ pápá Superdome ní New Orleans pẹ̀lú ìṣẹ́gun 13 láìpàdánù ọ̀kan ṣoṣo. Eré alẹ́ ọjọ́ náà ló kù kí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ. Ikọ̀ fásitì Alabama nà wọ́n ní 21 sí òdo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni LSU gbé bọ́ọ̀lù kọjá àárín pápá.

Àìlágbára kọ́ ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Louisiana kún fún àwọn ọmọkùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù náà gbá, LSU ló sì máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ló dí wọn lọ́wọ́: kí asáré gbé bọ́ọ̀lù gba àárín èrò lọ, kí àwọn olùgbèjà wá dúró gbọin lẹ́yìn. Ọ̀nà yìí náà ló fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ ní sáà 2003 àti 2007, kò sì rọrùn kí ènìyàn kọ ohun tó ti gbè é rí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti yí padà. Alabama nà wọ́n ní ìgbà mẹ́jọ léraléra láti alẹ́ New Orleans yẹn, ìkẹjọ rẹ̀ sì wáyé nílé LSU gan-an ní Baton Rouge, nínú oṣù Kọkànlá 2018: 29 sí òdo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ eré yìí fún ẹni tó jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló mọ́ ọn lára. Ènìyàn 11 ló ń dojú kọ 11. Bọ́ọ̀lù náà ṣẹnu ṣóńṣó lápá méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún síwájú ní yáàdì 10. Tó bá sún tó bẹ́ẹ̀, á tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí kò bá tó, bọ́ọ̀lù di ti ọ̀tá. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà ìparí ti gba touchdown, àmì ayò 6, wọ́n á sì tún fún wọn láàyè láti fi ọ̀kan tàbí méjì kún un. Quarterback ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Òun ló máa pinnu, kí àwọn òmìrán iwájú tó já wọlé lù ú mọ́lẹ̀, bóyá kí òun fà á fún asáré tàbí kí òun jù ú fún àwọn tó ti sá jáde síwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni gbogbo wọn o, síbẹ̀ pápá LSU, Tiger Stadium, gba ènìyàn 102,321, ó sì máa ń kún.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní 2019 ni Ed Orgeron, ọmọ Larose, létí omi Bayou Lafourche ní gúúsù Louisiana, láàárín àwọn ènìyàn Cajun, àtọmọdọ́mọ àwọn tó ń sọ èdè Faransé. Ohùn rẹ̀ há, ó wúwo, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé ìjà ló ń jà. Ó ti darí ikọ̀ Ole Miss, ìyẹn University of Mississippi, láti 2005 dé 2007; ìṣẹ́gun 10 ló rí, ó pàdánù 25, wọ́n sì lé e. Ní 2013, ó dúró gẹ́gẹ́ bí adelé ní fásitì USC ní Los Angeles, ó ṣe dáadáa níbẹ̀, síbẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fún níṣẹ́. Nígbà tí LSU lé Les Miles ní 2016, adelé náà ni wọ́n tún kọ́kọ́ fi ṣe kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ alátìlẹyìn LSU ló fapá jánú. Wọ́n ní orúkọ ńlá ni àwọn ń wá, kì í ṣe ẹni tí Ole Miss ti jù sílẹ̀.

Ohun tí Ole Miss kọ́ ọ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà yẹn, gbogbo nǹkan ni òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun ṣe, òun ò sì fi ẹlòmíràn lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá lé níṣẹ́ nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀, méjì ni: ó lè máa bínú sí ayé, ó sì lè ronú. Orgeron ronú.

Quarterback tó bá a ní LSU ni Joe Burrow, ọmọ ìlú kékeré kan ní agbègbè Athens, ìpínlẹ̀ Ohio, tí bàbá rẹ̀, Jimmy, jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn olùgbèjà ní Ohio University. Ọdún mẹ́ta ni Burrow fi jókòó ní Ohio State láìrí ipò gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ ní 2017, Dwayne Haskins kọjá rẹ̀, ó sì di ìgbà ìrúwé 2018 kí ó tó gboyè, tó di ẹrù rẹ̀, tó forí lé Louisiana. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò burú, kò sì fa ariwo: touchdown 16 nípa jíjù, ìpín 57.8 nínú ọgọ́rùn-ún jíjù rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí. Ní oṣù Kọkànlá 2018, Texas A&M borí wọn ní 74 sí 72 lẹ́yìn àfikún àkókò méje. Nígbà tó wá di ọjọ́ àkọ́kọ́ 2019, nínú Fiesta Bowl, wọ́n pàdé UCF (University of Central Florida) tó ti borí nínú eré 25 léraléra. Láìpẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, UCF já jíjù Burrow gbà, bí Burrow sì ṣe fẹ́ lé ẹni tó gbé e lọ, ọ̀kan nínú àwọn òmìrán wọn já lù ú lójijì débi tó ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ó dìde. Touchdown mẹ́rin ló jù lẹ́yìn ìyẹn, LSU sì borí ní 40 sí 32.

Ní oṣù Kìn-ín-ní yẹn kan náà ni Orgeron ṣe ohun tí mo kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó mú Joe Brady, ọmọ ọdún 29, olùrànlọ́wọ́ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ orúkọ rẹ̀ ní ikọ̀ New Orleans Saints, nínú NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí gba owó, ó sì ní kí ó wá yí bí LSU ṣe ń ju bọ́ọ̀lù padà. Steve Ensminger ni olórí ìhà ìkọlù tẹ́lẹ̀, ọmọ Baton Rouge tó ti ju bọ́ọ̀lù fún LSU nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó sì ti lé ní 60 ọdún. Ó rọrùn kí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ fara ya: kí ni ọmọ àná fẹ́ fi hàn mí? Ensminger ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣì ń pàṣẹ láti òkè pápá, ó sì fi ìmọ̀ ọmọdé náà kún tirẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mi ò mọ ibòmíràn nínú eré ìdárayá tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ tó báyìí.

Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Dípò kí wọ́n kó èrò jọ sí àárín, wọ́n tan ènìyàn márùn-ún káàkiri ìbú pápá, kí olùgbèjà kọ̀ọ̀kan lè dá wà pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́. Burrow á wo iwájú, á rí ibi tí àlàfo wà, á sì jù ú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọn kì í kóra jọ sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárín ìgbìyànjú kan sí èkejì, wọn ò fẹ́ kí ọ̀tá mí. Ẹni tó sì ń gbà á ni Ja'Marr Chase, Justin Jefferson àti Terrace Marshall, tó jẹ́ pé kò sí fásitì tó ní mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Asáré wọn, Clyde Edwards-Helaire, kúrú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró nígbà tí wọ́n bá dì í mú.

Wọ́n fi 55 sí 3 bẹ̀rẹ̀ sáà náà lórí Georgia Southern. Ìyẹn ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ní Austin, níwájú Texas, ni mo gbà pé wọ́n ti gba ife náà, bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ ń tọ́ka sí eré Alabama. Oòrùn ìlú náà mú débi pé iṣan ń fa àwọn agbábọ́ọ̀lù LSU lọ́kọ̀ọ̀kan. LSU ń lé iwájú ní 37 sí 31, ó kù díẹ̀ ju ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ lọ, wọ́n sì bọ́ sí ìgbìyànjú kẹta pẹ̀lú yáàdì 17 láti sún. LSU àtijọ́ ì bá fi bọ́ọ̀lù fún asáré, kí aago máa lọ, kí wọ́n ta bọ́ọ̀lù jìnnà ní ìgbìyànjú kẹrin, kí wọ́n sì bẹ àwọn olùgbèjà pé kí wọ́n gbà wọ́n. Ohun tí ọgbọ́n ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá á sọ nìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí Burrow jù ú. Texas tú èrò sílẹ̀ láti lọ lù ú mọ́lẹ̀. Ó yẹ̀ sí apá òsì ní ìṣísẹ̀ mélòó kan, kò wo àwọn tó ń bọ̀, ó ju bọ́ọ̀lù fún Jefferson ní àárín pápá, Jefferson sì gbà á, ó yípo, ó sá títí dé òpin: yáàdì 61. Texas tún gba ọ̀kan sí i kí eré tó parí, 45 sí 38. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá kojú wọn mọ̀ pé bí ibi bá há fún LSU, iwájú ni wọ́n máa lọ.

Àwọn eré tó tẹ̀ lé e, mo lè yára ka wọn: Northwestern State 65 sí 14, Vanderbilt 66 sí 38, Utah State 42 sí 6, Florida 42 sí 28, Mississippi State 36 sí 13. Auburn nìkan ló rí ọgbọ́n dá sí wọn. Wọ́n fi ènìyàn díẹ̀ síwájú, wọ́n da ìyókù sẹ́yìn láti dí àlàfo, LSU sì ní láti ṣe sùúrù fún 23 sí 20. Èyí ló há jù lọ nínú gbogbo sáà náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó fi hàn pé wọ́n lè fi agbára gba ohun tí ẹwà kò bá fún wọn.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, wọ́n gbéra lọ sí Tuscaloosa, ilé Alabama. Ààrẹ Donald Trump wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi ní ìdajì eré, LSU ti gba 33, Alabama 13. Ìdajì kejì wá di ìnira. Tua Tagovailoa, quarterback Alabama tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí lọ́rùn ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá sún mọ́ wọn, LSU á fi touchdown mìíràn dáhùn, Edwards-Helaire sì ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́; mẹ́rin ni òun nìkan gbà lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan wà tí àwọn olùgbèjà Alabama ti yí i ká nítòsí ìlà, tí wọ́n gbá a mú, tó sì ń wọ́ wọn lọ títí tó fi wọlé. 46 sí 41. Ọdún méje ó lé ti ìyà tán.

Kì í ṣe pé wọn ò ní àlébù. Àwọn olùgbèjà wọn ń jò. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, quarterback Ole Miss, John Rhys Plumlee, fi ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan sá yáàdì 212 láàárín wọn. LSU borí ní 58 sí 37, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn tó mọ eré náà. Dave Aranda, tó ń darí ìhà ìgbèjà, tún ilé rẹ̀ ṣe ní kíákíá. Lẹ́yìn 56 sí 20 lórí Arkansas, Texas A&M wá sí Baton Rouge, wọ́n sì fi 50 sí 7 ránṣẹ́ padà fún àfikún àkókò méje ti ọdún tó kọjá. Alẹ́ yẹn ni Burrow fi wọ aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́yìn ní ọ̀nà Faransé àwọn ará Louisiana, Burreaux, èrò pápá sì hó yèè. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Atlanta, Georgia ò rí ju 10 gbà nínú àṣekágbá SEC, líìgì tí LSU wà nínú rẹ̀. LSU gba 37. Derek Stingley, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní fásitì, já jíjù Georgia gbà lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n fún Burrow ní Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù fásitì tó dára jù lọ lọ́dún, ní New York ní ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá. Ìyàtọ̀ tó fi ta ẹni kejì yọ ló ga jù nínú ìtàn ẹ̀bùn náà, òun sì ni ọmọ LSU àkọ́kọ́ tó gbà á láti ìgbà Billy Cannon ní 1959. Ó sunkún lórí pèpéle. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó dárúkọ Athens, ó ní ìṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ó sì ní òun dúró fún àwọn ọmọdé tó ń ti ilé-ìwé padà sílé tí kò sí oúnjẹ púpọ̀ lórí tábìlì. Ẹnì kan láti agbègbè náà bẹ̀rẹ̀ ìkówójọ fún ilé ìpín oúnjẹ Athens, owó náà sì kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 dọ́là. Nínú gbogbo ohun tí sáà yìí mú wá, èyí ló wọ̀ mí lára jù.

Ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá ni ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ní Atlanta, pẹ̀lú Oklahoma. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan gbéra ní Lafayette, Louisiana, ó ń kó ènìyàn bọ̀ wá wo eré. Ó já lulẹ̀ láìpẹ́. Ènìyàn márùn-ún kú, ọ̀kan nínú wọn sì ni aya ọmọ Steve Ensminger, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá. Orgeron ló sọ ọ́ fún Ensminger nínú pápá, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ì bá bá a wí ká ní ó padà sílé. Ó gun òkè lọ síbi ìjókòó rẹ̀, ó sì pàṣẹ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Touchdown méje ni Burrow jù kí ìdajì eré tó pé, Jefferson gba mẹ́rin nínú wọn, LSU sì borí ní 63 sí 28. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ka iye wọ̀nyí, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n rántí ẹni tó jókòó lókè tó ń yan ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀fọ̀ nínú ọkàn rẹ̀.

Clemson ló kù, ikọ̀ tí kò tíì pàdánù nínú eré 29. Ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní 2020, Superdome, New Orleans. Clemson bá wọn dá a. Ó di 17 sí 7, LSU sì wà lẹ́yìn, Burrow ń ju ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó pariwo lé e lórí, kò sì sí ẹni tó yí ọgbọ́n padà. Wọ́n rí i pé Clemson ń fi olùgbèjà kan ṣoṣo ṣọ́ Chase, wọ́n sì ń padà síbẹ̀ títí. Yáàdì 221 ló gbà lálẹ́ náà. Burrow fúnra rẹ̀ sáré wọlé, Chase gba touchdown, Thaddeus Moss gba ọ̀kan: àmì ayò 21 láìsí èsì kankan, 28 sí 17 ní ìdajì eré. Clemson gbìyànjú dé 25. LSU fi méjì sí i. 42 sí 25, ìṣẹ́gun 15 nínú eré 15. Burrow parí sáà náà pẹ̀lú touchdown 60 nípa jíjù, tí kò tíì sí ẹni tó dé ibẹ̀ nínú sáà kan ní ìpele gíga jù lọ ti bọ́ọ̀lù fásitì títí di ìgbà náà, ìpín 76.3 jíjù rẹ̀ sì ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó yẹ.

Àwọn kan ní ikọ̀ Nebraska ti 1995 tàbí Miami ti 2001 ló dára jù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n méje nínú àwọn tí LSU nà ló wà láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, Texas àti Alabama sì wà nínú àwọn tí wọ́n lọ bá nílé. Èmi ò rí ẹni tó gba ọ̀nà tó le tó bẹ́ẹ̀ kọjá.

Ó dùn mí pé òfin ìgbà náà ò jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń fa gbogbo èrò yẹn wá gba kọ́bọ̀ lórí orúkọ ara wọn, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gba mílíọ̀nù. Oṣù Keje 2021 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn fásitì, tó ṣílẹ̀kùn ìyẹn. Èyí tó tún burú jù ni pé ìwádìí tí ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ṣe fún fásitì náà, tó jáde ní oṣù Kẹta 2021, fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni LSU kò fi ṣe ohun tó yẹ lórí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá sí obìnrin, títí kan èyí tí wọ́n fi kan agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn àwọn ọdún wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn pẹ̀lú.

Kíá ni ilé náà tú. Brady lọ sí Carolina Panthers láàárín ọjọ́ mélòó kan, Aranda lọ di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Baylor, Ensminger sì fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà 2020. Àwọn ikọ̀ NFL mú ènìyàn 14 nínú wọn nígbà tí wọ́n ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 2020, márùn-ún ní ìpele àkọ́kọ́, Cincinnati sì ló mú Burrow ṣáájú gbogbo ènìyàn. Orgeron ṣì wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì há, ṣùgbọ́n àwọn tó fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ti lọ: LSU borí márùn-ún, ó pàdánù márùn-ún ní 2020. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2021, òun àti fásitì náà fohùn ṣọ̀kan pé kó máa lọ ní òpin sáà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Cincinnati mú Chase wá bá Burrow, àwọn méjèèjì sì gbé ikọ̀ náà dé Super Bowl, àṣekágbá NFL, ní oṣù Kejì 2022, níbi tí Los Angeles Rams ti borí wọn ní 23 sí 20.